Kí Ló Ń Sọ Ojú Ohun Tó Ń Dàgbà Di Gbágungbàgun? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Àbújá, láàárín àwa Yorùbá tó fi Kúbwà àti Lúgbè ṣe ilé. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ, àwọn òbí wọn àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀ka físíìsì tí mo fẹ́ràn jù. Mo dáhùn wọn ní Yorùbá torí ó dá mi lójú pé wọ́n ṣe é dáhùn ní Yorùbá. Ibi tó bá le níbẹ̀, mo máa sọ pé ó le.

Kí gan-an lẹ̀ ń pè ní ojú tó ń dàgbà?

Ẹ jẹ́ ká fi iná pápá bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń gbé agbègbè Àbújá tí kò mọ̀ ọ́n. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí òjò ti lọ, tí koríko ọ̀dàn ti gbẹ, ẹ ó rí i tó ń jó lọ lẹ́bàá ọ̀nà Gwágwáládà tàbí lẹ́yìn Kújẹ. Ẹ wo ibi tí iná gan-an wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, eérú ló kù níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ koríko gbígbẹ. Ìlà tó pààlà láàárín méjèèjì ni à ń pè ní ojú. Ó ń rìn síwájú, ṣùgbọ́n kò tọ́ bí okùn tí bíríkìlà ta: apá kan yọ síwájú, apá kan fà sẹ́yìn, apá kan ṣe kọ́lọkọ̀lọ.

Oríṣiríṣi nǹkan ló nírú ojú bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó ń kó jọ sórí sólà nínú oṣù kìíní ní ojú tó ń ga sí i. Bakitéríà tí wọ́n gbìn sínú abọ́ yàrá àyẹ̀wò ní etí tó ń fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ń fi ooru sọ irin di oru tó ń balẹ̀ sára gíláàsì nínú ilé iṣẹ́, irin náà ń nípọn lójú wa. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ìdàgbàsókè wọn ń wá díẹ̀díẹ̀, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, àkọsẹ̀bá sì wà nínú bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé.

Kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé ohun tí kò balẹ̀ ni?

Omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú abọ́ ti balẹ̀. Ooru ń mì í tìtì ní ìwọ̀n tí ojú ò lè rí, àmọ́ ohunkóhun kò wọlé, ohunkóhun kò jáde. Fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a ti ní òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìgbà Ludwig Boltzmann, onímọ̀ físíìsì tó kú ní ọdún 1906. Bí ẹ bá sọ iye agbára tí ìrísí kọ̀ọ̀kan ń gbà fún mi, mo lè sọ bí ìrísí yẹn ṣe máa ń wáyé lemọ́lemọ́ tó. Iná pápá kò ní irú òfin yẹn. Koríko tó jó ti jó, kò ní padà di koríko tútù. Àkókò ń lọ sí apá kan ṣoṣo, ohun tó sì ń lé ìlà náà síwájú kò dáwọ́ dúró. A ò lè kàn wo ìwé òfin àtijọ́ ká mú ìdáhùn jáde. Àfi ká tẹ̀lé ìdàgbàsókè náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti gbilẹ̀.

Ṣé mo lè rí i fúnra mi láìní kọ̀ǹpútà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ kẹ́ ẹ ṣe é. Dáìsì lúdò kan, ìwé gíráàfù kan àti pẹ́ńsùlù ti tó. Ẹ fa òpó mẹ́fà sórí ìwé, kẹ́ ẹ kọ 1 dé 6 sí ìdí wọn. Nọ́ńbà tí dáìsì bá mú wá, orí òpó yẹn ni hóró kan máa já bọ́ sí. Ẹ kun àpótí kan fún un. Ká ní ẹ ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó sì mú àwọn nọ́ńbà yìí wá tẹ̀ léra: 2, 5, 2, 3, 2, 6, 5, 2, 1, 4.

Òfin kìíní: ibi tí hóró bá já bọ́ sí ló máa dúró sí. Nígbà tẹ́ ẹ bá parí, gíga àwọn òpó náà máa jẹ́ 1, 4, 1, 1, 2, 1. Òpó kejì ta gbogbo wọn yọ. Kò sí òpó tó mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó dá a dúró.

Òfin kejì: hóró tó bá já bọ́ máa wo ọ̀tún àti òsì. Bí òpó aládùúgbò bá kéré ju ibi tó bọ́ sí lọ, ó máa yí lọ sórí èyí tó kéré jù. Bí ọ̀tún àti òsì bá kéré bákan náà, ẹ jẹ́ kó lọ sí òsì. Ẹ tún fi àwọn nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni 3, 2, 1, 2, 1, 1. Ọ̀gbun ti ń dí, òkè ti ń rọlẹ̀.

Òfin kẹta: hóró máa lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kọ́kọ́ fara kàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òpó aládùúgbò. Níbí, ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí dáìsì mú 1 wá ní ìjù kẹsàn-án, òpó kejì ti ga tó 4. Hóró tó ń bọ̀ wálẹ̀ lórí òpó kìíní fara kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, ó lẹ̀ mọ́ ọn, kò délẹ̀ mọ́. Àpótí mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣófo, wọn ò sì ní kún mọ́ láéláé. Èyí tó máa jáde ni 4, 4, 2, 2, 2, 1. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 15 ni, bẹ́ẹ̀ hóró 10 péré la jù. Ihò ni márùn-ún yòókù.

Hóró kan náà, dáìsì kan náà, òfin mẹ́ta, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò tíì rí ọmọ tó ṣe èyí tán tí kò bi mí léèrè kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí òpó bá di ẹgbẹ̀rún.

Báwo lẹ ṣe ń fi nọ́ńbà wọn gbágungbàgun?

Ẹ wá ìpíndọ́gba gíga àwọn òpó. Ẹ wo bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba yẹn tó, kẹ́ ẹ sọ ìjìnnà náà di ìlọ́po ara rẹ̀ (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀), kẹ́ ẹ wá ìpíndọ́gba àwọn ìyẹn, kẹ́ ẹ wá yọ gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn tó kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ìṣirò ìdánwò. Òfin kìíní mú nǹkan bí 1.11 jáde, òfin kejì 0.75, òfin kẹta 1.12. Ẹ rí i pé ìkíní àti ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìjù mẹ́wàá kò tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń dàgbà bí àkókò ti ń lọ.

Báwo ló wá ṣe ń dàgbà?

Ẹ gba ìwọ̀nyí sórí fún ojú tó jẹ́ ìlà, irú èyí tá a fà sórí ìwé gíráàfù. Lábẹ́ òfin kìíní, bí àkókò bá di ìlọ́po 4, gbágungbàgun á di ìlọ́po 2, kò sì ní dáwọ́ dúró láé. Lábẹ́ òfin kejì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 16 kí gbágungbàgun tó di ìlọ́po 2. Lábẹ́ òfin kẹta, ìlọ́po 8 ló máa ń gbà. Òfin kẹta wà láàárín méjì yòókù: kò ya wèrè bíi ti ìkíní, kò sì jẹ́ kí ojú tètè rọlẹ̀ bíi ti ìkejì.

Ṣé gbágungbàgun máa ń pọ̀ sí i títí láé ni?

Òfin kìíní nìkan ló nírú ìwà yẹn. Fún méjì yòókù, ó máa ń dé ibì kan tí kò ní lé sí i mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé aládùúgbò ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Òpó kan ga. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn náà ta á fún ẹnìkejì. Ìròyìn ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìròyìn ò bá tíì dé ìpẹ̀kun kejì, ojú náà ṣì lè máa gbágungbàgun sí i. Nígbà tó bá ti kárí, ó parí. Òkè àti ọ̀gbun á máa yí padà, àmọ́ ìwọ̀n wọn lápapọ̀ á dúró sójú kan.

Ọdún 1985 ni Fereydoon Family àti Tamás Vicsek kọ èyí sílẹ̀ ní ìlànà kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fi ojú náà ṣe ìlọ́po 4 ní fífẹ̀, gbágungbàgun tó gbẹ̀yìn máa di ìlọ́po 2, ìbáà jẹ́ òfin kejì tàbí ìkẹta. Àkókò tẹ́ ẹ máa fi dúró dè é ló yàtọ̀: ìlọ́po 16 fún ìkejì, ìlọ́po 8 fún ìkẹta.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹ bá ya fọ́tò kan ṣoṣo lára ojú tó ti dúró sójú kan, tẹ́ ẹ sì wò ó láti òkèèrè, ẹ ò lè fi ìwọ̀n yẹn mọ̀ bóyá òfin kejì ló ṣe é àbí ìkẹta. Àfi kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan gbogbo èyí?

Marjorie Vold ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1959, ó fi kọ̀ǹpútà ìgbà náà ṣe ìṣirò bí hóró tó ń rì nínú omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ra wọn, òfin kẹta wa yẹn sì ti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ní 1961, Murray Eden gbé àpẹẹrẹ kan jáde lórí bí ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbilẹ̀: ẹ mú àyè kan létí rẹ̀ lákọsẹ̀bá, ẹ fi sẹ́ẹ̀lì tuntun síbẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gba ogún ọdún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó lóye etí rẹ̀ dáadáa. Ní 1982 ni Sam Edwards àti D. R. Wilkinson kọ fọ́múlà fún òkìtì hóró tó ń balẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdílé òfin kejì wa. Lẹ́yìn náà ni 1986 dé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1986? Kí ni KPZ?

Ọkùnrin mẹ́ta, Mehran Kardar, Giorgio Parisi àti Yi-Cheng Zhang, gbé fọ́múlà kan jáde tí wọ́n fi lẹ́tà orúkọ wọn pè ní KPZ. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní, mo sì lè sọ wọ́n láìkọ àmì ìṣirò kankan.

Ẹ̀yà kìíní ń tẹ́ ojú: òkè ń rọlẹ̀, ọ̀gbun ń dí. Ẹ̀yà yìí ti wà lọ́wọ́ Edwards àti Wilkinson. Ẹ̀yà kejì ni àkọsẹ̀bá, ariwo kéékèèké tí kò jẹ́ kí ojú sinmi. Òun náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà kẹta ni tuntun, òun ló sì yí gbogbo nǹkan padà. Ó ní: ibi tó bá dagẹ̀rẹ̀ máa ń yára síwájú ju ibi tó tẹ́jú lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú pápá ká wò ó. Iná máa ń jó lọ síwájú ní ọ̀nà tó kọ ojú rẹ̀ gan-an, ìyẹn ni pé bí ojú iná bá kọ sí àríwá, àríwá ló ń lọ. Bó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tó dà sí ló ń lọ. Ká ní gbogbo iná náà ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ sì dúró sí iwájú rẹ̀ ní àríwá. Apá tó kọjú sí yín tààrà máa sún mọ́ yín ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ apá tó dà ní dígírì 45, bẹ́ ẹ bá wọn ibi tí etí rẹ̀ dé lórí ìlà tó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ yín, ó ti sún ní nǹkan bíi mítà 14. Kò sí pé ó gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló fún un ní ìyára yẹn. Bó dà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, èrè kan náà ni, ìdí nìyẹn tí fọ́múlà fi sọ ìdagẹ̀rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀: ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan.

Ẹ wá wo ohun tó ń tìdí ẹ̀yà yẹn yọ. Ibi tó yọ síwájú á máa fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á rí roboto. Ibi tó fà sẹ́yìn, apá méjèèjì á máa há a mọ́ títí á fi di tín-ín-rín, tó mú ṣóńṣó. Bí ẹ bá dorí àwòrán irú ojú bẹ́ẹ̀ kodò nígbà tó ń dàgbà, ẹ máa mọ̀ pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ti Edwards àti Wilkinson kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, bákan náà ló rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlọ́po 16 àti ìlọ́po 8 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ibí yìí ló ti wá.

Nígbà náà, ṣé iná pápá Àbújá ń tẹ̀lé KPZ?

Ẹ̀yà kẹta yẹn wà nínú rẹ̀ dájúdájú, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé nọ́ńbà rẹ̀ máa pé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń tì í sí apá kan. Ilẹ̀ tó ga ń jẹ́ kó yára. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tàbí oko tí wọ́n ti ro ń dá a dúró. Èyí tó burú jù ni màjàlà àti ẹ̀ṣẹ́ná: afẹ́fẹ́ gbé e fò lọ síwájú, ó balẹ̀ sínú koríko tí iná ò tíì dé, iná tuntun sọ. KPZ gbà pé aládùúgbò nìkan ló ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Iná tó ń fò kọjá orí aládùúgbò ti rú òfin ilé.

Àwọn onímọ̀ físíìsì ní Jyväskylä, ní Finland, ló mú iná wọ inú yàrá kí wọ́n lè rí i kedere. Bébà ni wọ́n lò. Wọ́n fi potassium nitrate sínú bébà náà kí iná lè máa jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ iná, wọ́n sì ń fi kámẹ́rà tẹ̀lé etí tó ń jó. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 1997, nọ́ńbà tí wọ́n rí sún mọ́ ti KPZ gidigidi, ní ti fífẹ̀ àti ní ti àkókò. Bébà tó ń jó! Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan lára èyí tó lẹ́wà jù nínú ẹ̀ka yìí, torí ohun tí wọ́n fi ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ pé àwọn ará Japan ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù. Báwo?

Kazumasa Takeuchi àti Masaki Sano ni, ní Tokyo, ní 2010. Wọ́n mú liquid crystal, ìdílé èròjà tí wọ́n ń lò nínú ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi há àárín gíláàsì méjì, wọ́n sì fi iná mànàmáná rú u títí ó fi ń dà rú wùyẹ̀wùyẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ oríṣi méjì ló lè wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ. Wọ́n ta ìmọ́lẹ̀ lésà lù ú níbì kan, èyí tó lágbára bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo yẹn, ó ń fẹ̀ roboto, ó ń jẹ èkejì lọ. Wọ́n lè tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí iná bébà ò gbà wọ́n láyè láti ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìlọ́po 8 àti ìlọ́po 2 nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n wo bí ibi kọ̀ọ̀kan létí ṣe ń yà kúrò lórí ìpíndọ́gba, bí èyí tó yọ síwájú ṣe pọ̀ tó sí èyí tó fà sẹ́yìn. Ìrísí tó jáde kì í ṣe agogo tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó fì sí apá kan, ó sì bá ohun kan mu tí Craig Tracy àti Harold Widom ti ṣírò láàárín ọdún 1990 sí 1996 nígbà tí wọ́n ń ronú lórí tábìlì nọ́ńbà àkọsẹ̀bá, ọ̀rọ̀ tí kò jọ iná, tí kò jọ eruku. Láàárín 1999 sí 2000 ni Baik, Deift, Johansson, Prähofer àti Spohn ti fi ìṣirò já a mọ́ ìdàgbàsókè ojú.

Ó tún ku kan. Ojú tó bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan ṣoṣo tó sì ń fẹ̀ roboto ní ìrísí kan. Ojú tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà gbọọrọ ní òmíràn. Ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fì jẹ́ nǹkan bí 0.224 fún ti roboto, 0.293 fún ti ìlà. Ẹ rò ó wò: ojú náà ti rìn jìnnà, ó ti gbágungbàgun, àkọsẹ̀bá ti lù ú láìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò gbàgbé bí wọ́n ṣe bí i.

Eruku ọyẹ́ tó wà lórí sólà mi ńkọ́?

Púpọ̀ nínú eruku tó ń bò wá ní Kánò, ní Kàdúná àti níbí ń ti àfonífojì Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan wà nígbà ìwáṣẹ̀ kó tó gbẹ. Hóró eruku yẹn kéré débi pé bó bá ti fara kan òmíràn, ìlẹ̀mọ́ra borí ìwúwo rẹ̀. Kì í yí lọ. Òfin kẹta nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bò fi máa ń fúyẹ́, tó kún fún ihò, tẹ́ ẹ bá fi ìka kàn án tó rún wómúwómú. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i ní òwúrọ̀, nǹkan ti yí padà, ó ti di amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbá a kúrò ní gbígbẹ kí ìrì tó sẹ̀.

Ṣé gbogbo ohun tó ń dàgbà ló wà nínú ìdílé KPZ?

Rárá o. Kíkó gbogbo nǹkan sábẹ́ KPZ ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ rọ tíì sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti etí bébà bọ̀ ọ́. Tíì máa gun bébà lọ sókè, á sì dúró. Ibi tó dúró gbágungbàgun gan-an, àmọ́ ohun tó fà á ni pé bébà fúnra rẹ̀ kò dọ́gba: ibì kan ki, ibì kan fẹ́lẹ́, ibi tó ki sì ń di ìlà náà mú. Àkọsẹ̀bá tó ń yí padà lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí àkọsẹ̀bá tó ti wà lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé mìíràn nìyẹn.

Ní ti àwọn átọ́ọ̀mù tó ń balẹ̀ sára kírísítà nínú ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí wọ́n lè rìn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, ìrìn yẹn ló ń pinnu ohun gbogbo. Ó máa ń ṣòro fún átọ́ọ̀mù láti sọ̀kalẹ̀ ní etí àtẹ̀gùn kan lọ sí èyí tó wà nísàlẹ̀, ìṣòro tí wọ́n ti ń sọ láti 1966 pẹ̀lú orúkọ Ehrlich àti Schwoebel. Bí kò bá lè sọ̀kalẹ̀, òkè kéékèèké máa ń gòkè bí ilé tí wọ́n ń fi àjà kọ́ lé àjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Witten àti Sander ní 1981: hóró ń rìn gbéregbère lákọsẹ̀bá títí ó fi kan ọ̀wọ́ tó ti wà nílẹ̀. Ibi tó bá yọ jáde ló ń kọ́kọ́ gbá a mú, inú ihò kò rí nǹkan kan gbà. Ohun tó yọrí sí ni igi ẹlẹ́ka tín-ín-rín. Ibẹ̀ kì í ṣe gbágungbàgun mọ́, ojú ti fọ́ sí ẹ̀ka.

Àpáta Zuma ńkọ́? Ó gbágungbàgun náà.

Zuma kò dàgbà. Òjò, oòrùn àti àkókò ló ń gé e kù. Ìṣirò lè wà fún ojú tí wọ́n ń jẹ dín kù, nígbà mìíràn fọ́múlà kan náà ni pẹ̀lú àmì tó yí padà, tí òkè á wá mú ṣóńṣó tí ọ̀gbun á sì fẹ̀. Àmọ́ òkúta ńlá ní ibi tó ti là àti oríṣi òkúta tó lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀, mi ò ní fi KPZ lé e lórí.

Ṣé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn?

Giorgio Parisi gba ìdá kan nínú ẹ̀bùn Nobel físíìsì ti 2021, fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdàrúdàpọ̀ lápapọ̀, kì í ṣe fún fọ́múlà yìí nìkan. Martin Hairer gba àmì ẹ̀yẹ Fields, ti àwọn onímọ̀ ìṣirò, ní 2014. Ìdí tí wọ́n fi fún Hairer yẹ ní sísọ. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń lo KPZ láti 1986, ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ìṣirò bá wò ó dáadáa, kò nítumọ̀: ariwo náà jẹ́ kí ìdagẹ̀rẹ̀ le gan-an débi pé bẹ́ ẹ bá ní kó di ìlọ́po ara rẹ̀, nọ́ńbà tó máa jáde kò lópin. Hairer ló wá ọ̀nà tí a fi lè yọ àìlópin yẹn kúrò lọ́nà tó mọ́, kí fọ́múlà náà tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí ló ṣì ṣókùnkùn?

Ohun tí mo sọ láti òkè wá, ìlà ló dá lé. Ojú sólà kì í ṣe ìlà. Ó ní gígùn, ó ní ìbú. Fún irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó tíì rí nọ́ńbà KPZ fi ìṣirò pọ́ńbélé yanjú. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún wa pé agbára (ohun tí ìṣirò ń pè ní power) tí gbágungbàgun fi ń tẹ̀lé àkókò jẹ́ nǹkan bí 0.24, èyí tó ń tẹ̀lé fífẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.39. Kí ló dé tó fi jẹ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ iṣẹ́ tó máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rèé.

Ìyá kan bi mí pé: "Tíṣà, kí ni ọmọ mi máa fi èyí jẹun?"

Mà, ìbéèrè tó tọ́ ni. Sólà, ojú fóònù, díńgí awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, èròjà inú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ní awọ irin tàbí gíláàsì tó fẹ́lẹ́ ju irun lọ tí wọ́n tò léra. Bí ojú awọ kan bá gbágungbàgun jù, iná mànàmáná kò ní kọjá bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ á sì fọ́n ká. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń fa gbágungbàgun ló mọ bóyá ooru ló yẹ kí wọ́n fi kún un, tàbí kí wọ́n dín ìyára rẹ̀ kù. Ọmọ tó bá sì lè kọ ìṣirò irú èyí sórí kọ̀ǹpútà ti kọ́ ohun tí báńkì àti ilé iṣẹ́ epo ń wá kiri. Èmi fúnra mi kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mà.

Mo ní láptọ́ọ̀pù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má fi òfin kẹta bẹ̀rẹ̀; ihò inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà pẹ́ kó tó tọ́. Ẹ lo òfin tí J. M. Kim àti J. M. Kosterlitz gbé jáde ní 1989. Ẹ tò àwọn òpó sí àyíká, kí èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ aládùúgbò èyí àkọ́kọ́. Ẹ mú òpó kan lákọsẹ̀bá. Ẹ fi hóró kan kún un, àfi bí ìyẹn bá máa jẹ́ kó fi ju 1 ga ju aládùúgbò rẹ̀ kan lọ. Nígbà náà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kò ju ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi òpó 64 ṣe é títí gbágungbàgun fi dúró sójú kan, kẹ́ ẹ sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀ láti ìjù púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òpó 256 ṣe é. Àkókò tẹ́ ẹ máa dúró á di nǹkan bí ìlọ́po 8, ẹ má sì tètè pa á. Bí gbágungbàgun tó gbẹ̀yìn bá ti sún mọ́ ìlọ́po 2 ti àkọ́kọ́, ohun tẹ́ ẹ kọ tọ̀nà.